Ṣùgbọ́n Tí Ọ̀gá Àgbà Kò Dúró Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó la ẹnu, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ wá ibi jókòó dáadáa, kí ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tètè lọ báyìí kó padà wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìtàn yìí kò fẹ́ ẹni tó ń dìde ní àárín ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, dídìde ní àárín ọ̀rọ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ni olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera. Ó ga, ó sanra, ọrùn rẹ̀ kì í sì í dédé yí. Bí ẹ bá kí i láti apá òsì, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń bá ojú rẹ̀ yí, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wá ibi tí yóò gbà padà. Kí ó tó wọ gbọ̀ngàn kankan, Akọ̀wé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

“Ẹ dìde o!” Akọ̀wé á ké. “Ẹ dìde fún Baba Ìlera! Ẹni tí ibà rí tó sá lọ! Ẹni tí ikọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wúkọ́! Bí ẹ bá rí àwọn aláìsàn tó kù nílùú yìí, àwọn tí kò tíì fojú kàn án ni!”

Gbogbo èèyàn á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà á wọlé jẹ́jẹ́, á gorí pèpéle, á sọ̀rọ̀ títí tí omi inú ife iwájú rẹ̀ á fi tán. Bí ó bá ti sọ èyí tó kẹ́yìn, á sọ̀ kalẹ̀, á sì gba àárín gbọ̀ngàn jáde lọ. Kì í jókòó. Ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀ lè jẹ́ onímọ̀ tó fò wá láti òkè òkun, kò kàn án. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣí ilẹ̀kùn lọ lásìkò tí ọ̀gá bá ń bọ̀, awakọ̀ rẹ̀ á sì ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ níta, tí á máa kùn hùn-ùn-hùn-ùn.

Nígbà kan, àlejò kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kì í dúró gbọ́ tàwọn yòókù. Ó wo àlejò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Bí mo bá jókòó tí mò ń gbọ́,” ó ní, “ṣé àwọn èèyàn kò ní rò pé ohun kan wà tí n kò mọ̀ ni?”

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Àsọlọ lẹ́yìn. Níwájú rẹ̀, Baba Ìlera ni. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín kí a tó lọ jìnnà: gbogbo ìmọ̀ tí Ọ̀gá Àgbà ní nínú ayé yìí kò ju ìwọ̀nba ohun tí èèyàn lè gbọ́ láti orí pèpéle dé ẹnu ọ̀nà.

Àṣírí kan wà tí Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, nìkan mọ̀. Baba Ìlera ní àtọ̀gbẹ. Ó ti pẹ́ tí ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kan tó jìnnà sí ilé ló ti lọ rí, ó fi fìlà bo ojú wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan, wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Inú agolo tíì ni Ìyá Ìbejì ń kó oògùn náà sí kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá sílé má bàa rí i. Láràárọ̀ ni yóò gbé e fún un pẹ̀lú omi, ọkọ rẹ̀ á sì gbé e mì pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú tọrọ àforíjì. Ọjọ́ tí òde bá wà, kì í lò ó rárá. Ó ní Baba Ìlera kò gbọdọ̀ ti inú agolo tíì bọ́ sórí pèpéle.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sọ pé ojú òun ń ṣe bàìbàì o. Ohun tó sọ fún Akọ̀wé ni pé, “Kí ló dé tí lẹ́tà inú ìwé ọ̀rọ̀ mi kéré báyìí? Ṣé tádàwá ti wọ́n ni?”

“Ìwà ọ̀kánjúwà àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni, sà,” ni Akọ̀wé wí. “Wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà kéékèèké rẹ̀ yín sílẹ̀.”

Wọ́n sọ lẹ́tà náà di ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi kún un. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ojú ìwé kan wá di ìdì ìwé kan. Ọ̀gá Àgbà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa fi lẹ́tà ńlá kọ̀wé, nítorí lẹ́tà kékeré jẹ́ àmì ọkàn kékeré. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìwé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn.

Ìyá Ìbejì nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìdí tó fi mọ̀ ni àwọn ìbejì. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì jọra débi pé àwọn olùkọ́ wọn kò dá wọn mọ̀ títí wọ́n fi jáde ilé-ìwé. Bàbá wọn nìkan ni kò ṣì wọ́n pè rí. Àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ojú ọ̀kan nínú wọn, òun ló fi ń dá wọn mọ̀. Ohun tó fi ń yangàn jù lọ nílé nìyẹn, kódà ó ju ipò rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì fi orúkọ èkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá òun ń ṣeré ni. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní nígbà tí ọmọ ti jáde, “ẹ ò rí i mọ́.”

“Rí kí ni?”

“Àmì ojú ọmọ yín.”

“Iná ilé yìí ni kò mọ́lẹ̀ tó,” ni Ọ̀gá Àgbà wí. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ tí ọ̀ràn náà wá bẹ́ sílẹ̀ gan-an, ọjọ́ àpérò lórí àtọ̀gbẹ ni. Ọ̀gá Àgbà ló ṣí i. Àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “Ìlera Gẹ́gẹ́ Bí Ìlera.” Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ má bàa sọ pé mo ń bù mọ́ ọn:

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ìlera? Ìlera ni ohun tí aláìsàn kò ní! Kí sì ni àìsàn? Àìsàn ni ohun tó ń ṣe aláìsàn! Nítorí náà, bí kò bá sí àìsàn, níbo la ó ti rí aláìsàn?”

Akọ̀wé yọ áńkáṣíìfù, ó nu omijé tí kò sí lójú rẹ̀. Ìró àtẹ́wọ́ mi gbọ̀ngàn tìtì. Ọ̀gá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín àwọn èèyàn lọ.

Ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀ ni Dókítà kan, obìnrin kúkúrú tó ń wọ awò ojú, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìfun. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá dúró kí Ọ̀gá Àgbà tó jáde tán, ilẹ̀ á ṣú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni.

“Nínú ìfun ẹnì kọ̀ọ̀kan wa,” ó ní, “àwọn kòkòrò kan ń gbé níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn tó wà nínú ikùn ẹnì kan ṣoṣo pọ̀ ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ.”

Ọ̀gá Àgbà ti dé ìdajì ọ̀nà.

“Ìwádìí sì ti ń fi hàn pé àwọn kòkòrò yìí lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ.”

Ọ̀gá Àgbà dúró. Ohun tí kò ṣe rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, èkejì rọ̀ sókè. Òṣìṣẹ́ tó di ilẹ̀kùn mú kò mọ bóyá kó ṣí i ni àbí kó tì í. Kòkòrò! Kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó máa ń mu lórí ìjókòó. Kì í ṣe búrẹ́dì funfun, kì í ṣe bisikíìtì inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Kì í ṣe òun rárá! Àwọn ayálégbé kan ló ń gbé inú rẹ̀ láìgbàṣẹ, tí wọ́n ń ba ilé jẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọrùn rẹ̀ yí. Ó gbé ẹsẹ̀ tó rọ̀ sókè náà kalẹ̀, ó sì yára jáde.

“Ṣùgbọ́n…” ni Dókítà ń wí lórí pèpéle.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Fèrè ọkọ̀ ọ̀gá dún lóde, ó gbé gbogbo ìyókù mì.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá Àgbà yíjú sí Akọ̀wé. “O gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ?”

“Mo gbọ́ ọ, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.”

“Mo ti sọ ọ́ rí?”

“Ẹ ti fẹ́ sọ ọ́, sà. Mo rí i lójú yín.”

Ọ̀gá Àgbà ronú sí i, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo àwọn ọ̀gá kéékèèké jọ. Ó ní òun ti rí ìdí àtọ̀gbẹ, ogun sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa lo oògùn apakòkòrò láràárọ̀ títí gbogbo kòkòrò inú ìfun wọn yóò fi kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú ètò náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo aráàlú. Olórí Ìjọba ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò láìpẹ́. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó ń wá ẹni tí yóò fi ṣe Mínísítà.

Kí ni kí wọ́n pe ètò náà? Ẹnì kan ní kí wọ́n pè é ní Ètò Inú Mímọ́. Èkejì ní kò tó, kí wọ́n fi “Ti Baba Ìlera” kún un. Ẹ̀kẹta ní òun rí ohun tó ń tàn lórí Ọ̀gá Àgbà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. (Gílóòbù ni.) Wọ́n fẹnu kò pé aṣọ funfun ni gbogbo òṣìṣẹ́ yóò máa wọ̀ kí ìta lè bá inú mu. Ẹ rántí aṣọ funfun yìí o.

Apoògùn àgbà ilé-iṣẹ́ náà ló gbìyànjú díẹ̀. Ó nawọ́ sókè.

“Oògùn apakòkòrò wà nílẹ̀, sà,” ó ní. “A máa ń lò ó fún ẹni tí àrùn bá mú. Ṣùgbọ́n, sà…”

Ọ̀gá Àgbà ti dìde. Bí ó bá ti dìde, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dìde, bí gbogbo èèyàn bá sì dìde, ìpàdé ti tú nìyẹn. Apoògùn náà pa ẹnu dé. Ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Nílé, Ọ̀gá Àgbà gbé agolo tíì, ó da oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí.

“Bàbá Ìbejì! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

“Mo ti rí ọ̀tá mi,” ó ní. “Ìfun mi ló ń gbé. Oògùn wọ̀nyí kò mọ̀ ọ́n, wọn ò pàdé rí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Onímọ̀ ìfun ni. Lójú gbogbo èèyàn.”

“Ṣé ẹ dúró kó sọ̀rọ̀ tán?”

Ọ̀gá Àgbà fi ọmọrí dé agolo òfìfo náà. Ìyá Ìbejì ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa oògùn náà láàárín èèpo ọsàn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi í pamọ́.

“Mínísítà lẹ fẹ́ dà,” ó ní. “Ó dáa. Bí ẹ bá dà á tán, ohùn nìkan lẹ ó máa fi dá àwọn ọmọ yín mọ̀ ni? Ohùn àwọn náà sì jọra, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Àgbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe igi. Ó wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ wá wo ilé-iṣẹ́ náà bí oògùn ti ń wọlé lára. Ní àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀wé fi ọwọ́ di ikùn mú, ó sì sáré jáde. Èkejì tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn èèyàn ti tò síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, wọ́n ń fò láti orí ẹsẹ̀ kan sórí èkejì. Ìgbẹ́ gbuuru ló dé. Àwọn tó ń bára wọn jà tẹ́lẹ̀ wá ń bẹ ara wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú yín.” Tíṣù tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni lẹ́tà ńlá ti kọ́kọ́ wúlò fún aráyé, nítorí ìwé pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Akọ̀wé lọ jíṣẹ́ fún Ọ̀gá Àgbà. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré, sà.”

“Kí ló ń lé wọn?”

“Ayọ̀ ni, sà,” ni Akọ̀wé wí. “Àwọn kòkòrò ló ń sá jáde nínú wọn. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ yín.”

Òun náà kò dúró gbọ́ èsì, ó sáré lọ.

Ọ̀gá Àgbà náà ń lo apakòkòrò, ṣùgbọ́n kò tò síbi kankan, nítorí ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọrùn ọ̀gá ló sì ń gbé. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì fi ń pa á, nítorí ó ní kòkòrò ti kú, kò sí ẹni tí ṣúgà yóò lọ bá mọ́ nínú òun. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó ń rù, aṣọ ń tú lára rẹ̀. Akọ̀wé yìn ín pé ó ti padà di ọ̀dọ́. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́tà ti wá tóbi débi pé ojú ìwé kan kò lè gba gbólóhùn kan mọ́.

Ọjọ́ ńlá náà pé. Wọ́n fi aṣọ funfun bo àga, wọ́n fi bo tábìlì. Olórí Ìjọba dé, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín bí kò bá sí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó jókòó níwájú. Wọ́n fi Dókítà onímọ̀ ìfun síbi àlejò, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ìyá Ìbejì wà ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀, agolo tíì náà wà nínú àpamọ́wọ́ náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn, wọ́n fún itan pọ̀.

Àwọn méjì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé dúró tì í, òun ni yóò máa ṣí i fún un.

“Ẹ̀YIN,” ni Ọ̀gá Àgbà kà. Akọ̀wé ṣí i.

“ÈÈYÀN.” Akọ̀wé ṣí i.

“MI.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà kò le, nítorí ẹni tí inú ń dà láàmú kì í lè pàtẹ́wọ́ kíkan láìsí ewu.

“LÓNÌÍ.”

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn, ó tẹ̀ kọ́ńkọ́, ó jáde.

“INÚ.”

Àwọn méjì tún dìde. Ìlà kan odindi bá wọn dìde. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ tí àga ń ró, ó sì rò pé wọ́n ń dìde bu ọlá fún òun ni. Ó gbé ohùn sókè.

“WA!” ó ké. “TI! MỌ́!”

Àfi bí ẹni pé ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn dà sí ẹnu ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣílẹ̀kùn ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ sá lọ. Akọ̀wé ń ṣí ìwé lọ, òógùn ń bo ojú rẹ̀, ó ṣí ọ̀kan, ó ṣí èkejì, ó wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdágbére, ó sì da gbogbo ìwé náà sílẹ̀ gbàà. “Ẹ dárí jì mí, Baba Ìlera!” Ó ti lọ.

Láyé Ọ̀gá Àgbà, ẹnikẹ́ni kò dìde nígbà tó ń sọ̀rọ̀ rí. Ó dúró lórí pèpéle, ó ń wo àwọn àga funfun tí kò mọ̀ bóyá èèyàn ni àbí àga. Ó fẹ́ bínú. Kó tó rí àyè bínú, inú tirẹ̀ náà kígbe, gbohùngbohùn sì gbé e fún gbogbo ilé gbọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ó dé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó sì gbé e síbi tó yẹ kí ihò rẹ̀ wà. Kò sí ihò. Ó gbé e sókè díẹ̀, igi ló gún. Ó gbé e sísàlẹ̀, ògiri ni. Ilẹ̀kùn náà di kìkì funfun bàìbàì lójú rẹ̀. Ó ń gún un káàkiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ gbà mí,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “N kò rí i. N kò rí ibi tí ihò wà.”

Ìyá Ìbejì ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í wọlé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ jù. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi bí aṣọ funfun náà ṣe rí. Èèyàn ni èmi náà, mo ní ojú àánú.

Olórí Ìjọba kò kúrò lórí ìjókòó. Ó yíjú sí Dókítà. “Kí ló ṣe àwọn èèyàn yìí?”

“Oògùn apakòkòrò ni, Mà. Wọ́n ní èmi ni mo sọ pé kòkòrò inú ìfun ló ń fa àtọ̀gbẹ, pé kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀.”

“Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n…” Ó dúró, nítorí ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu níbẹ̀.

“Mò ń gbọ́,” ni Olórí Ìjọba wí.

Dókítà wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní èyí tó pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà, olùrànlọ́wọ́ wa ni wọ́n. Bí a bá jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀, àwọn ló ń jẹ èyí tí ìfun kò lè dà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tó ń ran ara lọ́wọ́ láti káwọ́ ṣúgà. Ó ní lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, irú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ rere yìí ni wọ́n rí i pé ó dín kù. A kò tíì mọ gbogbo ibẹ̀ tán, a kò sì lè sọ pé àwọn nìkan ló ń fà á. Ẹni tó bá ń gbé apakòkòrò mì láìnídìí ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rere kúrò nílé ara rẹ̀ ni. Àti pé kò sí èyíkéyìí nínú èyí tó ní kí èèyàn da oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ nù.

Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Ọ̀gá Àgbà ń gbọ́ ohùn náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń sọ, kò sì gbọ́ ọ̀kan. Kò sí ibi tó lè lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí bó ṣe lè jáde.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e gbà láti ibẹ̀, nítorí omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga débi pé nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò tún un yẹ̀ wò. Orí ibùsùn ló wà tí ìwé ìdádúró iṣẹ́ rẹ̀ fi dé. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi kọ ọ́, Ìyá Ìbejì ló sì kà á fún un. Apoògùn àgbà ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Wọ́n ní Akọ̀wé ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní ọjọ́ kejì, tó ń ké pé, “Ẹ dìde fún Baba Oògùn!” Wọ́n tún ní Baba Oògùn ní kó lọ jókòó.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kó lọ sí kíláàsì àwọn alátọ̀gbẹ nínú ilé ìwòsàn náà. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò dìde nígbà tó wọlé. Bíríkìlà kan sún díẹ̀ fún un, ó ní, “Bàbá, ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ dí iná lójú wa.” Ó jókòó. Ìyá Ìbejì jókòó tì í, ó gbé agolo tíì náà lé itan, kò fi nǹkan bò ó.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì gbé oúnjẹ rẹ̀ wá láti ilé, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e fún un, ojú rẹ̀ sún mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó. Ọjọ́ pípẹ́ ni oògùn ti ń wọlé déédéé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, àwọ̀ bàìbàì náà sì ti ń ká kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó tún wò ó. Lábẹ́ ojú ọmọ náà, ohun kan wà tó dúdú, tó kéré. Tàbí òun ló rò pé ó wà níbẹ̀? Ó nawọ́, ó fi ìka kàn án. Kò tíì dá a lójú tó kó pe orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó wọlé láti kọ́ wọn ni Dókítà kúkúrú náà. Ó rí i, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀: àwọn kòkòrò ń gbé inú ìfun wa, wọ́n pọ̀ ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ, ìwádìí sì ti ń fi hàn pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ.

“Ṣùgbọ́n…” ó ní.

Ìdí ọkùnrin náà gbéra kúrò lórí bẹ́ńṣì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣà ara ni. Ìyá Ìbejì kò wò ó, ó kàn na ọwọ́ láti di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò tíì dì í mú tí ọkọ rẹ̀ ti padà jókòó fúnra rẹ̀. Ó na ọrùn síwájú bí ọmọ ilé-ìwé tó jókòó sẹ́yìn, ó sì béèrè ohun tí kò mọ̀ lọ́wọ́ onímọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dàgbà.

“Ṣùgbọ́n kí ni, Dókítà?”